Ìbéèrè Mẹ́tàdínlógún Kí N Tó Fọwọ́ Sí Fọ́ọ̀mù

Òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti rọ́bà ìdí síkẹ́ẹ̀tì ni mo ń tà fún àwọn télọ̀ ní Cow Lane ní ìlú Accra, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò gùn ju ìgbésẹ̀ márùn-ún lọ. Láti ọdún méjìlélógún tí mo ti ń wọn rọ́bà ní yáàdì, n kò tíì wọn ti ẹnikẹ́ni dín, n kò sì tíì wọn ti ẹnikẹ́ni lé. Téèpù kì í kúrò nínú báàgì mi. Bí mo bá lọ kí ènìyàn nílé, tí mo rí kọ́tìnì tí apá kan rẹ̀ gùn ju èkejì lọ, n kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá mi sọ mọ́. Ọkọ mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sin òun, èmi ni n ó ní kí wọ́n dúró ná, kí n wọn ihò náà wò.

Irú ẹni tí olùkọ́ ọmọ mi kó fọ́ọ̀mù lé lọ́wọ́ nìyẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, ọdún mọ́kànlá ni a sì fi wá a. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí mò ń sọ yìí, síbẹ̀ mo ṣì máa ń dúró ní etí títì ní Nima láràárọ̀ títí yóò fi wọ tró-tró, n ó sì ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí yóò bá lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Èmi ti yan ti tèmi fún un láti ìgbà tí eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ ti yọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò kọ orúkọ ẹ̀ka náà sílẹ̀, wọ́n pe àwa òbí sí gbọ̀ngàn iléèwé. Olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà lórí iṣẹ́ ọjọ́ iwájú ló bá wa sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹ̀yà Ga tí táì rẹ̀ fi ìka mẹ́ta gùn jù.

Ó ní, "Ẹ̀yin òbí mi, ẹ máa ń yan iṣẹ́ tí ẹ kò wo ẹnikẹ́ni ṣe rí fún ọmọ yín. Àwọn ọmọ náà máa ń yan iṣẹ́ tí wọ́n rí lórí fóònù. Lọ́dún yìí, n kò ní gba fọ́ọ̀mù kankan àyàfi bí òbí àti ọmọ bá jọ lọ síbi méjì: ibi iṣẹ́ tí òbí fẹ́, àti ibi iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́. Ẹ lọ wò ó. Ẹ béèrè ìbéèrè. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì wá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Jímọ̀. Tó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, n kò lè yọ ọ́ mọ́."

Bàbá kan lẹ́yìn mi nawọ́ sókè. "Olùkọ́, bọ́ọ̀lù ni tèmi fẹ́ gbá ńkọ́?"

"Ẹ lọ wo bọ́ọ̀lù, sà. Ẹ má gbàgbé kánfáàsì yín."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ti ń kọ ìbéèrè.

Iṣẹ́ apòògùn ni mo fẹ́ kí ọmọ mi ṣe. Ìdí mi péye. Apòògùn wà lábẹ́ òrùlé. Ó ní fáànù. Ó ní àga. Mọ́tò kò lè gbá a níbi tó wà, bí ara rẹ̀ kò bá sì yá, òògùn wà nítòsí. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ dé orí omi tí yóò fi lo òògùn náà.

Nígbà tí a ń padà sílé, mo bi í pé kí ni òun fẹ́ kọ. Ọmọ mi gbọ́ Yorùbá ju èyí tó ń sọ lọ. Twi tí wọ́n ń sọ ní Accra ló máa ń fi dá mi lóhùn, èmi á fi Yorùbá bá a wí, a ó sì gbọ́ ara wa yé. Ó ní iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó la ọ̀nà tàbí kí wọ́n tó kọ́ ilé.

Mo dúró sójú títì. "Nínú oòrùn?"

"Wọ́n máa ń dé fìlà, Màámi."

"Ejò ńkọ́?"

"Ní Accra níbí?"

"Àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́, àwọn tó ń fi àdá ṣọ́ ilẹ̀? Ṣé wọn yóò bi ọ́ bóyá o ti jẹun kí wọ́n tó lé ọ?"

"Màámi, mi ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn!"

Ọkọ mi, tó ń ta tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì lẹ́bàá ọjà Nima, gbọ́ ẹjọ́ wa nígbà tó ń jẹun. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ṣúgà mọ́, èmi ni mo sì ń ṣọ́ ọ. Ó ní kí á ṣáà lọ wò ó bí olùkọ́ ti wí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ìbéèrè mi wá jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Èkíní ni aago mélòó lẹ ń jí. Ẹ̀kẹrin ni ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láti ibi iṣẹ́ yín dé ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀kẹsàn-án ni ta ló mọ ibi tí ẹ wà ní aago méjì ọ̀sán. Ìkẹtàdínlógún ni ṣé ẹ ó fẹ́ kí ọmọ tiyín ṣe iṣẹ́ yìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti ọmọ mi lọ sí ilé òògùn ńlá kan ní Adabraka. N kò jẹun kúrò nílé nítorí pé ìbéèrè kẹtàlá kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀gá ibẹ̀ jáde sí wa, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ funfun báláú bíi ti bàbá mi tó ti kú. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lórí eékún mi méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá mi kọ́ mi láti kúnlẹ̀ kí àgbà, ó sì fi ìgbátí kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní Accra, ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún àjèjì, ó ṣẹ̀ ni, ó ń tọrọ ni, tàbí kó jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kí àwọn ará ibẹ̀ ní ìdúró. Lọ́jọ́ náà, ebi ń pa mí, eékún mi kò sì bi mí léèrè.

"Yéè! Ìyá yìí ti ṣubú!" Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ló figbe ta. Ó fò jáde, ẹlòmíràn fò tẹ̀ lé e, wọ́n ki ọwọ́ bọ abíyá mi lọ́tùn-ún lósì. "Due, maame, due!" Wọ́n ń bá mi kẹ́dùn.

"Mò ń kí yín ni!" mo wí. Twi ti fò lọ kúrò lórí mi pátápátá, Yorùbá nìkan ló kù. "Ẹ káàárọ̀ sà! Ìkíni ni!"

"Ọ̀gá, ahọ́n rẹ̀ ti ń lọ́ o! Kò mọ ohun tó ń sọ mọ́!"

Mo wo ọmọ mi pé kó gbà mí. Ọmọ tí mo fi ọdún mọ́kànlá wá ti di ìdí pẹpẹ òògùn ikọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè mí. Wọ́n ti gbé mi jókòó, wọ́n ti ń fi ìwé fẹ́ mi lójú, kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ń kí yín ni. Alata ni wá, àwa Yorùbá. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń kí àgbà."

Bàbá náà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìkíni ni? Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ìfúnpá rẹ̀ ná." Ó wé ohun èlò mọ́ mi lápá. Ọgọ́jọ ó lé mẹ́jọ lókè, ọgọ́rùn-ún ó lé méjì nísàlẹ̀. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Maame, ìkíni yín lágbára o. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dìde lórí àga yẹn títí yóò fi wálẹ̀."

Bí mo ṣe jókòó sẹ́yìn káńtà ilé òògùn fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn. Wọ́n ra tíì àti búrẹ́dì fún mi. N kò rí ọ̀nà béèrè ìbéèrè kan, nítorí pé àwọn ló ń bi mí. Ṣùgbọ́n mo ní ojú, mo sì fi wò.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé bàbá náà kò jókòó lẹ́ẹ̀kan. Mo wá àga rẹ̀ yíká. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ilé òògùn náà, èmi ni mo sì wà lórí rẹ̀. Fáànù tí mo ti kà mọ́ èrè, ọ̀dọ̀ òògùn ni wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ọkùnrin kan wá ra òògùn oorun láìní ìwé dókítà, wọn kò tà fún un, ó sì fi èébú bo bàbá arúgbó náà. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan mú ìwé òògùn ọmọ rẹ̀ wá. Bàbá náà kà á, ó tún un kà, ó gbé fóònù, ó bá dókítà sọ̀rọ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́. Àmì kékeré kan, bí orí abẹ́rẹ́, ni dókítà gbàgbé láàrin nọ́ńbà méjì. Ìyẹn ni ì bá sọ òògùn ọmọ náà di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn lọ́nà kan tí n kò lè sọ. Iṣẹ́ tí àmì bí orí abẹ́rẹ́ ṣe pàtàkì báyìí! Mo wà lórí àga yẹn tí mo fi mọ̀ pé èmi gan-an ni iṣẹ́ náà wù.

Ọmọ mi ńkọ́? Ó ti yọ téèpù nínú báàgì mi, ó ti wọn gbogbo ibẹ̀, ó sì ti ya á sẹ́yìn ìwé ìbéèrè mi: pẹpẹ, káńtà, ilẹ̀kùn, èmi lórí àga. Bàbá apòògùn súnmọ́ ọn.

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ mọ ohun tó wà nínú hóró òògùn yìí tó ń mú kí ibà wálẹ̀?"

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ó nàka síta, níbi tí àwọn ọkùnrin méjì ti ń já fìríìjì tuntun nínú ọkọ̀. "Fìríìjì yẹn kò ní gba ẹnu ọ̀nà yín."

"Ẹni tó tà á fún mi ti wá wò ó."

"Ìwọ̀n rẹ̀ wà lára páálí rẹ̀, sà. Ó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ju ẹnu ọ̀nà lọ."

Fìríìjì dé ẹnu ọ̀nà, ó há. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, ẹnì kan há sínú, ẹnì kan há síta, oníbàárà kò lè wọlé, kò lè jáde. Wọ́n ní láti tú férémù ilẹ̀kùn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi tí yóò jókòó sí, kò sì rí. Nígbà tí ìfúnpá mi wálẹ̀, ó gba ìwé mi, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: òun fẹ́ràn iṣẹ́ òun, ọmọ yìí kò fẹ́ràn rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ dín iyọ̀ kù.

Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó má tíì yọ̀, pé Ọjọ́bọ̀ tí a ó lọ wo iṣẹ́ tirẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Awọnlẹ̀ tí a lọ bá ní Ọjọ́bọ̀ náà kò jìnnà. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ gọ́tà ńlá tuntun ní Nima, obìnrin kan ló sì ń wọn ojú ọ̀nà fún wọn. Nígbà tí a débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọmọ mi ti ń dúró wò ó lọ́sàn-án fún ọ̀sẹ̀ méjì, èmi tí mò ń ka nọ́ńbà tró-tró sórí! Obìnrin náà dé fìlà, ó wọ bàtà gíga dé orúnkún, ẹ̀rọ rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n tó kí i, mo di ògiri mú, kí eékún mi má baà tún kúnlẹ̀ láìbi mí.

Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè mẹ́tàdínlógún, ó sì dáhùn wọn láìfi ọ̀kan ṣeré. Nígbà tí mo dé orí ilé ìyàgbẹ́, ó lu itan rẹ̀.

"Màmá! Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí! Kò sí o. À ń tọrọ lọ́dọ̀ onílé ni, nígbà mìíràn ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà mìíràn mo máa ń mú un mọ́ra di aago mẹ́rin."

Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lé mi lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan mo fi oúnjẹ wàákyè mi sílẹ̀ sá lọ, wọ́n jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, n kì í lọ sórí ilẹ̀ tó ní ẹjọ́ láìmú ọlọ́pàá dání, mo sì máa ń pe ọ́fíìsì láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí ẹ̀rù níbẹ̀, irọ́ ló ń pa."

Ó yà mí lẹ́nu pé ìdáhùn yìí fi mí lọ́kàn balẹ̀. Bó bá ti fi dídùn bo ọ̀rọ̀ náà ni, ǹ bá ti fa ọmọ mi lọ́wọ́ lọ sílé. Ẹni tó mọ ibi tí ewu wà tó sì ń pe ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, irú mi ni.

"Ẹ wá fojú sí i," ó wí.

Mo tẹ̀ ba, mo fi ojú kan sí ẹ̀rọ náà, mo pa èkejì dé. Ìgbà àkọ́kọ́, mo pariwo, nítorí pé òpin títì wá bá mi lójú bí ẹni pé mo lè nawọ́ kàn án. Mo rí ìṣó lára pátákó. Mo rí ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí. Mo rọra yí i bó ṣe kọ́ mi, mo dé ìdí tábìlì obìnrin tó ń dín bofrot, àkàrà ìyẹ̀fun ńlá tó kún fún ṣúgà. Ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀ nínú jàlàbíà aláwọ̀ sánmọ̀. Èmi ni mo ran bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀.

Ọkọ mi ni. Bofrot wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó ti ge é jẹ.

N kò kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo fọwọ́ wá fóònù nínú báàgì, mo pè é. Mo rí i tó yọ fóònù, tó wò ó, tó sáré gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá ọmọ mi. Níbo lẹ wà?"

"Ibo ni n ó tún wà? Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń to bátìrì."

"Kí ló wà lọ́wọ́ òsì yín?"

Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, mo lè búra sí i, ó gbé ojú sókè wo sánmọ̀.

"Ẹ má gbé e pamọ́ sẹ́yìn. Mo ṣì ń rí i."

"Ásítágífúrúláì!" Ó dá bofrot náà padà sórí tábìlì obìnrin náà pẹ̀lú ibi tó ti ge jẹ, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi ojú mi fi bo ojú ẹ̀rọ. Awọnlẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, nọ́ńbà sì jáde: láti ibi tí mo dúró sí dé ìdí tábìlì náà, igba mítà ó lé méjìlá, àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó péye. Mo ní kó tún un tẹ̀ kí n wò ó, ó tún péye.

Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù ibi tí a wà, ó sì tọ ipa ọ̀nà náà bọ̀ wá bá wa, ó ń nu ṣúgà lẹ́nu. Nígbà tó rí ẹ̀rọ, tó rí èmi, tó rí ọmọ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "A dúpẹ́, mo ti rò pé ọjọ́ ìdájọ́ ni." Ó yíjú sí ọmọ wa. "Ọmọ mi àtàtà, ṣé kò sí iṣẹ́ mìíràn tó wù ọ́ ni? Apòògùn ńkọ́? Apòògùn dára!"

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó sì sọ Yorùbá. N kò gbọ́ Yorùbá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì nínú igbá.

"Màámi, ẹ rántí kọ́bọ́ọ̀dù?"

Mo rántí. Ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, òjò rọ̀, gọ́tà kún, omi wọ yàrá wa, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo dúró sínú omi, mo sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú títí omi fi fà.

"Ẹ̀yin ń wo èmi. Èmi ń wo omi. Mo wá ń rò ó, ta ló gbẹ́ gọ́tà yìí? Ta ló wọ̀n ọ́n? Kí ló dé tí kò wọ̀n ọ́n dáadáa?"

Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ apòògùn mọ́. Mo bi awọnlẹ̀ náà bóyá gọ́tà tuntun yóò jìn tó, ó sì fi ìwé ìwọ̀n hàn mí, mo kà á láti òkè délẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a mú fọ́ọ̀mù lọ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn fún òbí lórí rẹ̀ ni: kí ni ẹ rí níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Sí iwájú ilé òògùn, mo ti kọ ọ́ pé: àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Sí iwájú awọnlẹ̀, mo kọ ọ́ pé: ọkọ mi, ní igba mítà ó lé méjìlá. Olùkọ́ kà á, ó ní kí n jọ̀ọ́ ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, ó sì gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bi í bóyá àyè wà láti kọ ọ̀rọ̀ fìlà, bàtà àti ilé ìyàgbẹ́ sí i. Ó ní kí n kọ ọ́ sí etí ìwé.

Ọmọ mi kọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú àpótí, ẹ̀ka àwọn tó ń ya àwòrán ilé àti ọ̀nà, ó fọwọ́ sí i, ó sì ti bírò sọ́dọ̀ mi. Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo gbé bírò kúrò, ìrù orúkọ mi ti yọ jáde kọjá ìlà.

"Màámi, ẹ ti kọjá ìlà."

"Pẹ̀lú mélòó?"

Ó fojú wò ó. "Sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀."

Mo yọ téèpù nínú báàgì mi, mo tẹ́ ẹ sórí fọ́ọ̀mù níwájú olùkọ́. "Ọ̀kan àti mílímítà mẹ́rin," mo wí fún un. "Díẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n. Bí o bá máa ṣe iṣẹ́ yìí, má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́."